Oúnjẹ Tí Kò Rí Iná

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ajah, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Ìyá, irú iṣẹ́ wo ni ká kọ́?", mo ti gbọ́ ìbéèrè yín. Mo ní ẹ fún mi láàyè kí n rò ó, mo sì ti rò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìwúrí, kó yà sí ilé kejì.

Sìkírátù ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe oúnjẹ tí a kì í sè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí mi lọ́mọ gan-an rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní, "Sìkírá, oúnjẹ tí wọn ò gbé ka iná, ṣé oúnjẹ nìyẹn?" Mo ní oúnjẹ ni, oúnjẹ àwọn ará Ítálì, èyí tí wọ́n máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ kí oúnjẹ gidi tó dé, nígbà tí wọ́n bá pé jọ nínú ooru. Ìyá mi mi orí. Wọ́n ní owó tó bá ti ibẹ̀ jáde, kí n máa fi ra ohun tí a ó gbé ka iná o.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Mo ń fọ aṣọ fún àwọn kan ní Lẹ́kí, obìnrin òyìnbó tó ń gbé ilé kejì ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ fún ọjọ́ kan, ọjọ́ kan náà ló di ọdún mọ́kàndínlógún. Owó oṣù wà, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò fi ebi sùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Sìnyórà ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe abilékọ ní ìlú wọn nìyẹn. Ọkọ wọn ń bá ilé iṣẹ́ kan la ọ̀nà. Sìnyórà kì í ṣe ẹni tó lè jókòó tẹtẹrẹ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ tábìlì fún àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn, àti fún àwọn olówó wa tó fẹ́ràn láti máa ṣe bí òyìnbó nínú ọgbà ilé wọn tàbí létí òkun. Títí dòní tí inú mi ò dùn sí wọn, mi ò lè pè wọ́n ní "ó". Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Àkókò ooru, wọ́n ní, ni àwọn àpèjọ wa wà fún. Oṣù Keje, òjò á máa rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, omi á ti wọ ilé aládùúgbò mi dé orúnkún, àwọn oníbàárà á pe Sìnyórà lórí fóònù pé sọ́mà, àkókò ooru wọn, ti dé, àwọn fẹ́ ṣe faaji. Sọ́mà ìlú òkèèrè ni wọ́n ń wí. Àwa á gbé tòmátì sórí, a ó fi ọ̀rá bo orí ara wa, a ó gba inú ẹrẹ̀ kọjá lọ tẹ́ tábìlì sọ́mà fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, tòmátì nìkan ni mo gé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fóònù yín tí ẹ rò pé ẹ ti mọ tòmátì gé, ẹ jókòó. Sìnyórà á mú èyí tí mo gé, wọ́n á gbé e sókè sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Tí apá kan bá nípọn ju ìkejì lọ, wọ́n á jù ú sínú àwo kan, wọ́n á ní, "This one for stew. Carry go your house." Tòmátì ọbẹ̀ ni mo ń gbé lọ sílé lójoojúmọ́. Ọmọ mi rò pé wọ́n fẹ́ràn mi níbi iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn tòmátì, ó kan ewé. Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní básílì, òun àti efinrin jọra bí ọmọ ìyá. Ní ọjọ́ kan básílì tán, mo wò ó pé kí ni ìyàtọ̀, mo já efinrin lẹ́yìn ọgbà, mo fi lé orí tòmátì àti wàràkàṣì wọn. Sìnyórà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tu ú sí ọwọ́. "Sikira! This one na medicine!" Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, inú rírun là ń fi efinrin wò nílé wa. Wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ di ojú mi, wọ́n ń fi ewé méjèèjì sí mi lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa pe orúkọ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣì í pè, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo rò ó nínú ara mi pé èmi abiyamọ ni wọ́n di lójú bí ẹni ń ṣe bojúbojú, nítorí ewé.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù nínú ọdún ìkọ́ṣẹ́ mi, àánú ló fà á. Ẹran màlúù kan wà tí wọ́n fi iyọ̀ ra lára, tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́ fún oṣù púpọ̀ ní ìlú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ pẹ́lẹ́bẹ́, tútù, pupa, wọn kò ní gbé e ka nǹkan kan. Mo wo àwọn àlejò lójú fèrèsé, àwọn àgbàlagbà, àwọn aboyún, mo ní háà, wọ́n fẹ́ fún àwọn èèyàn yìí ní ẹran tútù jẹ. Mo yọ́ tan iná, mo din ín díẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀ o, kí ara mi ṣáà lè balẹ̀.

Nígbà tí Sìnyórà rí ẹran náà, wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, wọ́n sunkún. Èmi náà jókòó tì wọ́n, mo ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Sikira, hear me. For your mama kitchen, fire dey kill bad thing. For here, fire no dey. For here, na mouth be fire."

Òfin tó ti ibẹ̀ jáde ni mo fi ṣiṣẹ́ dé òpin. Kí àwo kankan tó jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bu ṣíbí kan láti àárín rẹ̀, kó tọ́ ọ wò, kó sì gbé e mì. Sìnyórà kò gbà kéèyàn fi kan ètè lásán, wọn kò sì gbà kéèyàn tu ú dànù. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ pé inú òun ló ń lọ ló máa ń tọ́ nǹkan wò dáadáa. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún mi, nítorí ẹ̀sìn mi. Òun ni wọ́n máa ń tọ́ wò fúnra wọn.

Ọdún ń gorí ọdún, irinṣẹ́ ń yí padà. Ọ̀bẹ kan báyìí ni mo bá níbẹ̀, a máa ń pọ́n ọn lára ìdí àwo tánganran. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ẹran dé, ó ń rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà, ọdún tí mo fi kọ́ ọwọ́ mi sì di òfo lọ́sàn-án kan. Yìnyín tí a ń rù nínú àpò ìdọ̀họ di firísà ńlá, tòmátì tí mo máa ń lọ ṣà lọ́jà láàárọ̀ di èyí tí wọ́n ń gbé wá nínú páálí, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, kò sí èyí tó dùn níbẹ̀. Sìnyórà kò gbà kí ẹ̀rọ kankan ṣe títọ́wò. Ẹ̀rọ tó lè ṣe é kò tíì dé títí mo fi kúrò.

Ní ọdún kẹjọ, wọ́n mú Dọ́kásì wá. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun ni, láti ìjọ kan ní Ṣàngótẹ̀dó, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ mọ adùn, ó ti lọ́kọ ṣùgbọ́n kò tíì bímọ. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mo di í lójú bí wọ́n ṣe di èmi náà. "Àǹtí Sìkírá" ló ń pè mí. Ìjọ tiwọn náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, a jọ máa ń ta kété sí i ni, Sìnyórà á ní Ọlọ́run tó kó àwa méjèèjì jọ fún òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí oṣù Ràmàdáánì bá dé, Dọ́kásì ló ń bá mi tọ́ nǹkan wò. Ààfáà wa sọ fún mi pé alásè lè fi kan ahọ́n kó tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbé mì ni òfin ilé náà. Nítorí náà èmi á pò ó, Dọ́kásì á gbé e mì, á ní, "Ó dáa, Àǹtí," tàbí á ní, "Iyọ̀ kù." Ọdún púpọ̀ ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí wàhálà kankan ò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ wọn parí ní Nàìjíríà, Sìnyórà pè mí sí ìdí tábìlì. Wọ́n ní, "I dey go home, finish. This table na your own. The machine, the freezer, the customer, everything. For Eleko party I go tell all of them." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Èmi tí mo ti fọ aṣọ aláṣọ, èmi ni wọn yóò máa pè ní Madam. Mo lọ sílé, mi ò lè jẹun.

Àpèjọ Eleko bọ́ sí inú ààwẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn ọmọ wọn sì gba ilé kan létí òkun. A dé láàárọ̀, a tẹ́ tábìlì. Ohun tó wà níwájú lórí tábìlì ni tòmátì kéékèèké tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí a fi wàràkàṣì rírọ̀ àti ẹja inú agolo tí a pò pọ̀ kún un. Ó rẹwà lójú. Aago méjìlá ló yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun kò tètè dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ kó tó dé. Jẹnẹrétọ̀ ilé náà bàjẹ́. A kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, yìnyín inú kúlà di omi. Aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó ní ká gbé oúnjẹ jáde.

Sìnyórà wà lóde nínú aṣọ tó dára jù tí mo rí lára wọn rí, wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ àlejò kan sí òmíràn, wọ́n ń nawọ́ sí mi. Mo fún Dọ́kásì ní ṣíbí. Ó bu ú, ó kẹ̀yìn sí mi díẹ̀, ó nu ẹnu.

"Ó dáa, Àǹtí."

Ni a bá gbé e jáde.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ fi di inú mú. Nígbà tí mo fi máa ṣínu, wọ́n ti ń gbé èèyàn sínú ọkọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbádùn lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ṣe ọjọ́ ìbí pẹ́ nílé ìwòsàn. Wọn kò kú. Ẹsẹ̀ wọn ni kò gbé wọn mọ́ bó ṣe yẹ, kẹ̀kẹ́ ni mo gbọ́ pé wọ́n fi ń tì wọ́n kiri lẹ́yìn náà. Ẹni ọlá tó bọ̀ mí lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹun ni, tó ní kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Sìnyórà jókòó sí ilé ìdáná, wọ́n bi wá pé, "Who taste?"

Mo wo Dọ́kásì. Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó yí ojú padà. Ó ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí èdè òyìnbó fi sọ nù lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò tọ́ ọ wò, Mà. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni mo wà, ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Wòlíì ní kí n gbà á nítorí ọmọ. Mo fi ṣíbí kan ètè ni. I no swallow. I no taste am at all. Ẹ̀rù ló bà mí láti sọ, mo mọ̀ pé Àǹtí náà ń gbààwẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè tọ́ ọ wò."

Sìnyórà yíjú sí mi. "And you, Sikira? From morning you dey with that thing. You no know say e don spoil?"

Mo ní, "I no know, Ma."

Wọ́n tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dáhùn bákan náà. Wọ́n ní kí n bọ́ épírọ̀ọ̀nù sílẹ̀. Èmi ni olórí, ọrùn olórí ló máa ń wọ̀. Dọ́kásì tó purọ́ ṣíbí, nítorí pé ó jẹ́wọ́, wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì bá wọn tẹ́ tábìlì tó kù. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìlú wọn, òun ni wọ́n fa gbogbo ohun tí wọ́n ṣèlérí fún mi lé lọ́wọ́. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, àwọn àgbà ti wí i.

Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Eleko ni mo ti lo ọdún iṣẹ́ tó kù. Mo ń gé ìbẹ́pẹ àti kùkúńbà fún àwọn tó ń wá ṣe faaji òpin ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo lè rẹ́ tòmátì tí ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹja díndín ni wọ́n ń béèrè. Tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì bá rí mi tí mo ń to àwo lẹ́wàlẹ́wà, á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára." Mo sì ń yára títí orúnkún mi fi ní òun ò lè mọ́.

Dọ́kásì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngótẹ̀dó báyìí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ilé onígíláàsì tó wà lẹ́bàá ọjà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ fìlà funfun. Nínú yín ni mo ti gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Jímọ̀ tó kọjá ló wá síbí. Ẹ̀yin kan rí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ewú ti yọ lórí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mi ò sì ní kó dìde.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ká ní mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ bá ni gbogbo ohun tí mo ní yìí. Mi ò lè sùn mọ́. Ọmọ tí mo torí ẹ̀ gbààwẹ̀, kò wá."

Mo kọjú sí ògiri. Ó rò pé inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́, ó ti ń bí mi láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe rò ó.

Ẹ gbọ́ o, nítorí ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ máa sọ ọ́ fún. Ní nǹkan bí aago méjì ọjọ́ náà ní Eleko, mo ṣí kúlà wò. Òórùn kíkan ló pàdé mi. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún kò lè ṣi òórùn yẹn mọ̀. Ẹnu ni ààwẹ̀ dì, kò di imú. Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Mo wo òde, mo rí Sìnyórà tí wọ́n ń nawọ́ sí mi fún àwọn àlejò, mo sì mọ̀ pé tí mo bá da ohun tó wà níwájú tábìlì nù, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn kò ní kéde ẹnikẹ́ni. Mo dé kúlà padà. Mo dúró. Nígbà tí àkókò tó, mo fi ṣíbí lé Dọ́kásì lọ́wọ́, kó lè jẹ́ pé ẹnu tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà á ti jáde, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́. Nígbà tó ní, "Ó dáa, Àǹtí," inú mi dùn. Ẹ̀rù bà mí pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí wà lọ́kàn mi bí ó ṣe kúnlẹ̀ níwájú mi ní Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Ọlọ́run á dárí jì ẹ́, Dọ́kásì. Èmi náà ti fi sílẹ̀."

Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ títí ó fi wọ ọkọ̀.